Ọtí Tí A Kò Yọ Lẹ́nu

Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, ìgò wáìnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìkómọjáde jẹ́ nílé wa ní Òkàkà. Ọmọ àbúrò mi ni a sọ lórúkọ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ti ń gbé ní orílẹ̀-èdè Ítálì láti ọdún mẹ́jọ, ni ó gbé wáìnì pupa náà wálé, ó sì fi pamọ́ de àwọn àgbà. Àwọn tí ẹ̀sìn wọn kò gba ọtí ń mu sóbò lábẹ́ àtíbàbà; àwọn yòókù pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń retí ohun tó ti òkè òkun dé.

Nígbà tí àbúrò bàbá wa dà á sínú ife, ojú rẹ̀ yí padà. Wáìnì náà kò mọ́ gaara. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò, òórùn rẹ̀ sì kan díẹ̀.

"Wọ́n ti lù ọ́ ní jìbìtì, ọmọ mi," ni ó wí. "Ọtí tó ti bàjẹ́ ni wọ́n tà fún ọ."

Ojú ti ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ti gbé ìgò náà, mo ń wá ibi tí n ó dà á nù sí, kí Ìyá Àgbà tó ké sí mi láti orí ẹní rẹ̀: "Àbẹ̀kẹ́, gbé ife yẹn wá." Ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Kò bàjẹ́," ni ó wí. "Ẹni tó pọn ọtí yìí kò yọ ọ́ lẹ́nu ni."

Òótọ́ ni ó sọ, bí ẹ̀gbọ́n mi ti ṣàlàyé fún wa lẹ́yìn náà. Èso àjàrà tí wọ́n fi ṣe wáìnì náà ni Sangiovese. Òun ni èso àjàrà pupa tí wọ́n ń gbìn jù ní Ítálì, ẹkùn Tuscany sì ni òkìkí rẹ̀ ti kàn jù. Òun ni wọ́n fi ń ṣe wáìnì Chianti, èyí tí Cosimo Kẹta, alákòóso Tuscany, pa ààlà ilẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1716. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìtumọ̀ orúkọ náà ni ẹ̀jẹ̀ Jove, òrìṣà tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ gbà pé ó ni àrá. Ibẹ̀ ni àbúrò bàbá wa ti kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín: "Ṣé Ṣàngó náà ti dé Ítálì ni?"

Omi inú èso àjàrà kì í sábà pupa. Èèpo rẹ̀ ni ó ń fún wáìnì ní àwọ̀. Nítorí náà, wọ́n máa ń fọ́ èso náà, wọn a sì fi omi àti èèpo sílẹ̀ pọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, nígbà mìíràn fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àkókò yìí ni ìwúkàrà, ohun abẹ̀mí tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí, ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀, tí ó sì ń sọ ọ́ di ọtí. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńláńlá a máa ra ìwúkàrà tí a ti ṣà lẹ́ṣà, kí wáìnì ọdún yìí lè dà bí ti èṣí. Wọn a sẹ́ ẹ títí yóò fi mọ́ gaara, wọn a sì fi sọ́fáìtì, èròjà tí a ń rí láti ara imí-ọjọ́, sínú rẹ̀ kí ó má baà bàjẹ́.

Ẹni tí kò yọ wáìnì lẹ́nu kì í ra ìwúkàrà. Èyí tó wà lára èso àti nínú ilé ìpọntí rẹ̀ ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Kì í sẹ́ ẹ tàbí kí ó rọra sẹ́ ẹ. Sọ́fáìtì rẹ̀ kì í sì í ju ìwọ̀nba lọ. Òfin àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù gba mílígíráàmù 150 láàyè nínú lítà wáìnì pupa tí kò dùn. Ní ọdún 2020, ilẹ̀ Faransé fọwọ́ sí àmì kan tí wọ́n pè ní Vin Méthode Nature. Ẹni tó bá lo àmì yìí kò gbọdọ̀ fi ju 30 lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kan ìlera pẹ̀lú, nítorí sọ́fáìtì a máa yọ àwọn kan tó ní ikọ́ fée lẹ́nu.

Ẹ má rò pé ẹni tó ń ṣe irú wáìnì bẹ́ẹ̀ káwọ́ lẹ́rán. Bí èso kan bá ti jẹrà, kò sí èròjà tí yóò bo àṣírí rẹ̀. Bí ohun èlò kan bá dọ̀tí, gbogbo àgbá ni yóò bá a lọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àmọ́ ẹ̀sọ̀ gba ojú tó là sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo bi Ìyá Àgbà léèrè bí ó ṣe mọ̀. Ó wò mí bí ẹni tó bi í léèrè orúkọ ara rẹ̀. "Kí ni mo fi tọ́ bàbá yín?"

Ọtí bàbà ni. Mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo ti gbìyànjú láti gbàgbé. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, mo máa ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé èlùbọ́ ni ìyá àgbà mi ń tà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọlọ́tí kò dùn ún gbọ́. Nígbà tó yá, bíà inú ìgò gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dojú ìkòkò rẹ̀ dé. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ní ọdún 1988, tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó ọkà báálì tí a ti mú hù wọlé, ọkà bàbà yìí kan náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ọtí ńláńlá yíjú sí.

Mo ní kí ó kọ́ mi. Ọkà bàbà pupa kún inú àká, nítorí ìkórè ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. A rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, a tẹ́ ẹ sórí àpò tútù, a bò ó títí ó fi hù. A sá a, a lọ̀ ọ́, a pò ó mọ́ omi, a sè é, a sẹ́ ẹ, a sì jẹ́ kí ó tutù. Ibẹ̀ ni Ìyá Àgbà ti ní kí n lọ sí Òtù, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ṣì ń pọntí, kí n bù gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wá fún òun.

"Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni irúgbìn," ni ó wí. "Ìkòkò mi ti gbẹ, kò sí ohun tí yóò jí ọtí náà."

Ìwúkàrà ni ó ń sọ. Èyí tó sábà máa ń pọ̀ jù nínú ọtí bàbà, nínú ẹmu àti nínú wáìnì, irú kan náà ni. Saccharomyces cerevisiae ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè é, òun náà ni ó sì ń mú búrẹ́dì wú. Ohun tí mo fẹ́ dà nù níjọ́ ìkómọjáde ni mo wá gun ọ̀kadà lọ tọrọ ní Òtù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọtí náà ń hó nínú ìkòkò. Ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó kan díẹ̀, kò sì mọ́ gaara. Àbúrò bàbá wa mu ahá kan, kò sì sọ̀rọ̀ jìbìtì mọ́.

N kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ọtí tí a kò fi nǹkan kún ṣì jẹ́ ọtí. Agbára wáìnì sábà máa ń wà ní ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Aláboyún, ọmọdé àti ẹni tí yóò wakọ̀ kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Ọtí bàbà kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, kì í sì í pẹ́ kó tó kan gógó, nítorí náà ọwọ́ tó bá pọn ọ́n gbọ́dọ̀ mọ́.

Ní ọdún 2013, àjọ UNESCO kọ ọgbọ́n tí àwọn ará orílẹ̀-èdè Georgia fi ń pọn wáìnì nínú ìkòkò amọ̀ tí a rì mọ́lẹ̀ sínú ìwé àṣà tó yẹ kí gbogbo ayé tọ́jú. Ìwé àjákọ kan péré ni tiwa, èyí tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà sí: iye ọjọ́, ìwọ̀n omi, bí ọkà tó hù dáadáa ti máa ń rí. Ọdún karùndínláàádọ́rùn-ún ni ó wà yìí, ojú ìwé tí mo ti kọ kò sì tíì pé mẹ́wàá.

Ìgò wáìnì náà ti ṣófo. Ìyá Àgbà ti fọ̀ ọ́, ó ti jẹ́ kí ó gbẹ, ó sì ti ki irúgbìn ọkà bàbà pupa sínú rẹ̀ de òjò.