Àgbàrá Òjò àti Onílé: Ìdáàbòbò Ìpìlẹ̀ Ilé Lọ́wọ́ Omi ní Ìdí Arère, Ìbàdàn

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Òwe yìí pín iṣẹ́ fún ẹni méjì: ti àgbàrá ni láti wólé, ti onílé ni láti má gbà fún un. Ìpín ti onílé ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí, pàápàá ní Ìdí Arère àti àwọn àdúgbò àtijọ́ tí ó yí i ká ní Ìbàdàn.

Bí wọ́n bá mẹ́nu ba omi àti ilé ní Ìbàdàn, omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 àti èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ènìyàn. Ẹ̀mí àti dúkìá ṣòfò nínú méjèèjì. Ní ọdún 2014, Bánkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó yíyá tí ó tó mílíọ̀nù 200 dọ́là nítorí ìdènà omíyalé ní ìlú náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ odò àti afárá ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń bójú tó. Omi tí ó ń jẹ ìdí ilé lórí òkè, lọ́dọọdún àti láìpariwo, ni èyí tí ó ń já bọ́ láti orí òrùlé onílé fúnra rẹ̀.

Bí Ilẹ̀ àti Ilé Ṣe Rí

Ara igi arère ni Ìdí Arère ti gba orúkọ, ṣùgbọ́n òkè ni ó ń darí omi ibẹ̀. Ọ̀wọ́ òkè tí ó la àárín Ìbàdàn àtijọ́ kọjá, tí Òkè Màpó wà lára rẹ̀, ni ó ń da omi òjò sọ́nà odò Ògùnpa àti odò Kúdẹtì. Òjò tí ó ń rọ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún ju 1,000 mìlímítà lọ, láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹwàá ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì máa ń rọ̀. Agbo ilé fara kan agbo ilé. Ọ̀nà tóóró tí ó wà láàárín ògiri méjì ni ènìyàn àti àgbàrá jọ ń gbà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, àgbàrá ti hú ìpìlẹ̀ síta, àtẹ̀gùn tí ó ti kanlẹ̀ rí sì ti wà lófuurufú.

Nígbà tí koríko bẹẹrẹ àti ewé jẹ́ ohun ìbolé, etí òrùlé a máa yọ jìnnà kọjá ògiri. Wọ́n tún máa ń mọ pèpéle mọ́ ìdí ògiri. Bí òjò bá ta sílẹ̀, pèpéle ni yóò jẹ, kò ní kan ògiri. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọn yóò tún un rẹ́. Nígbà tí páànù gbòde, etí òrùlé kúrú, pèpéle sì di ohun ìgbàgbé. Òrùlé yí padà, ṣùgbọ́n amọ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò yí padà.

Orúkọ Mẹ́ta, Ewu Mẹ́ta

Èdè Yorùbá ti pín omi tí ó ń ba ilé jà sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, omi tí ó ń ṣàn láti etí òrùlé. Bí òrùlé kan bá fẹ̀ ní mítà 10, tí ó sì gùn ní mítà 12, òjò ẹ̀ẹ̀kan tí ó tó mìlímítà 50 yóò da omi tí ó tó lítà 6,000 sílẹ̀ láti orí rẹ̀, ìyẹn àgbá onílítà 200 lọ́nà 30. Ẹsẹ̀ ògiri ni gbogbo rẹ̀ yóò dà sí bí kò bá sí ohun tí yóò gbà á.

Èkejì ni àgbàrá, omi tí ó ń sáré lórí ilẹ̀ tí ó sì ń kó erùpẹ̀ ìdí ìpìlẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rinrin. Bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo gòkè ni amọ̀ àti búlọ́ọ̀kù ń fa omi inú ilẹ̀ gòkè. Ògiri alámọ̀ tí ó bá rin gbingbin kò lè gbé ẹrù tí ó ń gbé nígbà tí ó gbẹ.

Ohun Tí Onílé Lè Ṣe

Orí òrùlé ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n so páànù tí ó tẹ̀ bí ọpọ́n mọ́ etí òrùlé, kí ó máa da ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ sínú àgbá tàbí gọ́tà. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n fi kọnkéré tẹ́ ìdí ògiri dé ìwọ̀n mítà kan níbi tí àyè bá wà, kí ó sì dagun sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, kí omi má baà padà sí ògiri. Omi ilé ìwẹ̀ náà kò gbọdọ̀ dúró sí ìdí ilé.

Ní ti ìpìlẹ̀ tí ó ti yọ síta, kò yẹ kí wọ́n gbẹ́ gbogbo ìdí ògiri lẹ́ẹ̀kan náà, kí ilé má baà wó lé òṣìṣẹ́ lórí. Ìwọ̀n mítà kan péré ni kí bíríkìlà ṣí, kí ó fi òkúta àti kọnkéré kún un, kí ó sì jẹ́ kí ó le kí ó tó bọ́ sí apá mìíràn tí kò fara kan èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe.

Fífi sìmẹ́ńtì líle rẹ́ ògiri alámọ̀ tí ó ti rin wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwòsàn. Omi tí ó wà nínú amọ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde. Amọ̀ yóò máa rọ̀ lábẹ́ sìmẹ́ńtì títí yóò fi ṣí kúrò. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé ni kí wọ́n kọ́kọ́ dí, kí ògiri gbẹ, kí wọ́n tó rẹ́ ẹ, amọ̀ ni kí wọ́n sì fi rẹ́ amọ̀. Ní ti ilé tuntun, ọ̀rá dúdú tí ó nípọn, tí wọ́n tẹ́ sáàárín ìpìlẹ̀ àti ògiri, ni yóò dá ọ̀rinrin dúró.

Ilé tí wọ́n kọ́ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè a máa ní yàrá ìsàlẹ̀ tí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ wọ inú ilẹ̀, èyí tí ó jẹ́ àjà ilẹ̀. Kíkun inú rẹ̀ ní ọ̀dà kò lè ran án lọ́wọ́, nítorí pé ẹ̀yìn ni omi ti ń tì í. Ẹ̀yìn náà ni kí wọ́n ti gbẹ́ yàrà, kí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ àti páìpù oníhò sí i, kí omi lè gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá.

Ìgúnlẹ̀

Ìṣòro tí ó le jù kì í ṣe ti owó nìkan. Ilé ẹbí ni ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyí. Àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ni ín ti túká, oníkálukú sì ń retí kí ẹlòmíràn tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ sì ni sàréè àwọn baba wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ilé tí ó bá wó níbẹ̀ kì í ṣe ògiri nìkan ni ó bá a lọ. Àgbájọ ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀yà: bí ilé òkè bá la gọ́tà tirẹ̀, tí ilé ìsàlẹ̀ sì da ìdọ̀tí sí i, omi yóò padà sí ìdí àwọn méjèèjì.

Iṣẹ́ olùkọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Olùkọ́ lè kó akẹ́kọ̀ọ́ jáde lẹ́yìn òjò láti tọ ipasẹ̀ àgbàrá nínú ọgbà ilé ìwé, kí wọ́n wọn òrùlé kan, kí wọ́n sì ṣírò omi tí ó ń tú dà sílẹ̀. Ọmọ tí ó bá mọ èyí yóò lè sọ fún àwọn àgbà ilé rẹ̀, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ibi tí omi yóò gbà.