Lexus IS 250 àbí IS 350: Ṣé òótọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì kékeré ló ń dín ìnáwó kù?

Lexus IS wà lára àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ojú àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ asáré máa ń wọ̀ lọ́jà ọkọ̀ nílùú Eko. Ìbéèrè tó sì máa ń tẹ̀lé e ni pé: ṣé IS 250 ni àbí IS 350?

Láti ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó mú ẹ́ńjìnnì kékeré.

Lítà epo tí kò tó 200 náírà ṣáájú ìkéde náà ti kọjá 1,000 náírà lọ́pọ̀ ibi kí ọdún 2024 tó parí.

Àmọ́ epo nìkan kọ́ ló ń gbówó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀.

Kí ni ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì?

Nínú àwọn tó jáde láàrin ọdún 2006 sí 2013, ara kan náà ni ọkọ̀ méjèèjì ní, V6 sì ni ẹ́ńjìnnì wọn.

Ti IS 250 jẹ́ lítà 2.5, agbára ẹṣin rẹ̀ sì jẹ́ 204. Ti IS 350 jẹ́ lítà 3.5, agbára ẹṣin 306. Òun ló ń mu epo jù, pàápàá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Ibo wá ni wàhálà IS 250 wà?

Inú sìlíńdà tààrà ni IS 250 ń fọ́n epo sí. Epo kì í kan fáàfù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, débi tí yóò fọ̀ ọ́.

Tó bá yá, èérí dúdú á dì mọ́ fáàfù náà. Ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n tí ọkọ̀ bá dúró, agbára rẹ̀ á sì dínkù.

Ọ̀nà méjì ni IS 350 ń gbà fọ́n epo, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì máa ń ṣan fáàfù. Ìdí nìyí tí ìṣòro yìí kò fi wọ́pọ̀ lára rẹ̀.

Owó epo tí ẹni tó ra IS 250 rò pé òun tọ́jú lè di ti mẹkáníìkì tó máa tú u fọ̀.

Kí ló yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó?

- Ẹ lọ láàárọ̀, kí wọ́n tó tan ọkọ̀ náà rárá. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná lè fi àìsàn pamọ́.
- Ẹ mú mẹkáníìkì àti rẹwáyà tiyín dání, kí wọ́n so ẹ̀rọ àyẹ̀wò mọ́ ọpọlọ ọkọ̀.
- Ẹ fi nọ́ńbà VIN wádìí irú ẹ́ńjìnnì tó wà níbẹ̀. Àmì 350 ara búùtù ṣeé rà lọ́jà.
- Tó bá jẹ́ IS 250 AWD, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà á. Ó wúlò nílẹ̀ yìnyín, àmọ́ ó wúwo, ó sì ń mu epo ju èyí tí táyà ẹ̀yìn nìkan ń fà lọ.

Èwo ni kí ẹ wá mú?

IS 250 tí fáàfù rẹ̀ mọ́ ló dára fún ẹni tó ń ti Ìkòròdú lọ síbi iṣẹ́ ní Island lójoojúmọ́. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kì í jáde ju òpin ọ̀sẹ̀ lọ lè mú IS 350.

Èyí tó wù kó jẹ́, ẹ má kó gbogbo owó yín lé ọkọ̀ lórí. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún àtúnṣe, torí ọkọ̀ tòkunbọ̀ kì í pẹ́ béèrè rẹ̀.