Ìbọn kan, ọ̀pá púpọ̀: iṣẹ́ ọwọ́dilẹ̀ tó gbòde ní Amẹ́ríkà

Bí ọdẹ bá nílò ìbọn lọ́dọ̀ tiwa, odidi ìbọn ló ń gbà bọ̀ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í ra odidi. Wọ́n á ra apá kan lóṣù yìí, apá kan lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n á wá jókòó sílé tò ó pọ̀. Wọn ò fi ṣòwò. Bí ẹlòmíràn ṣe ń fi ọjọ́ ìsinmi tún ọ̀kadà rẹ̀ ṣe ni tiwọn rí.

AR-15 ni ìbọn tí wọ́n ń tò jù. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ArmaLite ni AR yẹn dúró fún, níbi tí Eugene Stoner ti ṣiṣẹ́. Ní 1959, ArmaLite ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún Colt. Nígbà tó yá, àwọn mìíràn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé, débi pé ohun tí ẹni kan rọ ń wọ ara ti ẹlòmíràn.

Ọ̀nà méjì ni ìbọn náà pín sí. Apá òkè ló ru ọ̀pá, apá ìsàlẹ̀ ló ru ibi tí ìka ń fà àti ibi tí àpò ọta ń wọ̀. Irin kékeré méjì ló so wọ́n pọ̀. Bí a bá tì wọ́n, apá òkè á kúrò, a ó fi òmíràn tó ń jẹ ọta mìíràn rọ́pò. Èyí wúlò fún ọdẹ: ní ìpínlẹ̀ Ohio, òfin kò gba ọta 5.56 fún àgbọ̀nrín, àmọ́ ó gba .450 Bushmaster, tó nípọn ní ìlọ́po méjì.

Lójú òfin àpapọ̀ wọn, apá ìsàlẹ̀ nìkan ni ìbọn. Òun ló ń ru nọ́ńbà. Àwọn kan wá ń ta apá ìsàlẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí, láìní nọ́ńbà. Ìjọba fi òfin dè é ní 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì gbè é lẹ́yìn ní oṣù kẹta 2025.

Èyí tó yẹ kó ba èèyàn lẹ́rù jù kò sí ní kóòtù o. Àwọn ọdẹ wa mọ̀ pé bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù nínú ṣakabùlà, ó lè bẹ́ mọ́ni lọ́wọ́. AR-15 ní tirẹ̀. Ọta kan wà tó ń jẹ́ .300 Blackout, ìkarahun ọta.223 tí wọ́n gé kúrú ni wọ́n fi ṣe é, nítorí náà àpò ọta kan náà ló ń gba òun àti 5.56. Ṣùgbọ́n orí ọta rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 7.8, ihò ọ̀pá 5.56 kò sì ju bíi 5.7 lọ. Àwọn kan nínú ọta yìí á wọnú ọ̀pá tí kì í ṣe tiwọn, ìbọn á pa dé bí ẹni pé kò sí nǹkan. Bí a bá yìn ín, ọta ò rí ọ̀nà jáde, ooru ẹ̀tù á fọ́ ìbọn náà yángá lójú ẹni tó dì í mú.

Ìdí nìyí tí àwọn tó gbọ́n nínú wọn fi ń fi rọ́bà aláwọ̀ mìíràn so àpò ọta .300, tí àwọn kan kì í sì í kó oríṣi méjèèjì jáde lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n máa ń tẹ ìwọ̀n ọta sára ọ̀pá lóòótọ́, àmọ́ lábẹ́ ibi tí ọwọ́ ń dì mú ló sábà máa ń wà, níbi tí ojú kò ti rí i.