Bọ́ńpà àti Ohun Ìṣeré Ló Bí Bàálù Onífóòmù Tí Kò Nírù

Bí ẹnìkan bá gbé bàálù kékeré onífóòmù yìí kalẹ̀ ní Banikanni, ní ìlú Parakou ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ohun tí kò ní ni ojú máa kọ́kọ́ rí. Kò nírù, kò sì ní ara gbọọrọ tí èrò ń jókòó sí. Apá lásán ni láti ìkángun dé ìkángun, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì oníná kéékèèké méjì níwájú, bátìrì láàárín, rìmóòtù lọ́wọ́ ẹni tó ń darí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní iṣẹ́ òyìnbó ni, pé ilé iṣẹ́ ńlá kan ló ro ó jinlẹ̀, tó wá sọ ọ́ di kékeré fún àwọn ọmọdé. Ìtàn rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fi bá bàálù aláìnírù jà kí ọwọ́ wọn tó ká a. Inú bọ́ńpà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti inú ohun ìṣeré orí tẹlifíṣọ̀n ni ohun tó mú un rọrùn fún ẹni tí kò lówó ti jáde. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ó tó ohun tí àwọn ọ̀dọ́ Parakou lè fọwọ́ ara wọn kàn, dípò kí wọ́n máa retí èyí tí ẹlòmíràn kàn.

Ìrù bàálù kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Òun ni kì í jẹ́ kí imú rẹ̀ dorí kodò tàbí kó kọrí sókè jù. Ẹni tó bá gé ìrù dànù ti dín ìwúwo kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti gbé iṣẹ́ ìdúróṣinṣin lé apá nìkan lọ́rùn. Jack Northrop ní Amẹ́ríkà àti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Horten ní Jámánì mọ èyí dáadáa, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì lò lórí rẹ̀. Ní 1947 ni YB-49, bàálù aláìnírù tí ilé iṣẹ́ Northrop ṣe, kọ́kọ́ fò, apá rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 52. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 1948, ọ̀kan nínú wọn fọ́ lójú òfuurufú ní California, àwọn 5 tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Glen Edwards wà lára wọn, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá bàálù àwọn ológun tó wà níbẹ̀ títí dòní. Ẹjọ́ tí àwọn tó ń dán irú bàálù náà wò rò ni pé kì í dúró lójú kan fún ẹni tó fẹ́ ju bọ́ǹbù. Wọ́n pa ètò náà tì. Nígbà tí B-2, bàálù aláìnírù mìíràn láti ilé iṣẹ́ kan náà, gbéra ní ọjọ́ 17 oṣù keje 1989, bí apá YB-49 ṣe fẹ̀ náà ni tirẹ̀ fẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó ń tún ìdarí rẹ̀ ṣe kí awakọ̀ tó ṣẹ́jú ni wọ́n fi lé e. Àwòrán náà kò lẹ́bi, ọwọ́ ọmọ èèyàn ló lọ́ra jù.

Bí kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ṣe dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù ló yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀dọ́ ará Mẹ́síkò kan, Jordi Muñoz, tú ohun tí wọ́n fi ń ṣeré Wii orí tẹlifíṣọ̀n, ó yọ ẹ̀rọ bíńtín tó ń mọ̀ bí ọwọ́ bá tẹ̀ tàbí tó bá yí, ó sì fi í mú hẹlikọ́pítà ìṣeré dúró. Òun àti akọ̀ròyìn kan, Chris Anderson, ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ 3D Robotics sílẹ̀ ní 2009. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn náà ni ArduPilot jáde, ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí bàálù kékeré, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń darí bàálù aláìnírù. Irú ẹ̀rọ bíńtín yẹn ló ń mú ojú fóònù yín yí padà nígbà tí ẹ bá yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹnìkan lè ní àwọn Horten ti fò láìsí kọ̀ǹpútà. Òótọ́ ni, ó sì kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ kan, pé ìwọ̀n ló ṣáájú ẹ̀rọ. Bàálù onírù lè fara da bátìrì tó yẹ̀ díẹ̀ kúrò láyè rẹ̀, ṣùgbọ́n apá lásán kì í fojú fo irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí ìwúwo rẹ̀ bá dọ́gba sí gbọ́dọ̀ wà níwájú ibi tí ìdá kan nínú mẹ́rin àkọ́kọ́ apá náà ti parí, tí a bá wọ̀n ọ́n láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń kàn án fi máa ń fi bírò sàmì sábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n á fi ìka méjì gbé e níbẹ̀, tí wọ́n á máa sún bátìrì síwá sẹ́yìn títí imú á fi tẹ̀ díẹ̀. Etí ẹ̀yìn apá tí wọ́n fi ń darí rẹ̀, wọ́n á gbé e sókè ní mìlímítà díẹ̀ kí wọ́n tó jù ú. Bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, imú ni yóò fi gúnlẹ̀. Kò sí èyí tó gba owó nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, sùúrù nìkan ni.

Fóòmù ló jẹ́ kí sùúrù náà ṣeé ní. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di firíìjì máa ń ṣẹ́ bíi bisikíìtì, àmọ́ èyí tí wọ́n ń pè ní EPP máa ń tẹ̀, á sì padà sípò. Òun kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ sínú bọ́ńpà mọ́tò kó lè gba ìkọlù. Ti bọ́ńpà wúwo ju èyí tó yẹ apá lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yà kan náà ni. Bàálù tó já lulẹ̀ láàárọ̀ lè tún fò lọ́sàn-án lẹ́yìn gọ́ọ̀mù àti téèpù. Ní Malawi, àwọn olùkọ́ láti Yunifásítì Virginia Tech ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń fi páálí onífóòmù kan bàálù tí wọ́n pè ní EcoSoar, ní oṣù kìíní 2020 sì ni UNICEF ṣí ilé ẹ̀kọ́ dróònù ní Lilongwe. Malawi kò lówó ju Bẹ̀nẹ̀ lọ.

Kí wá ni ti ẹ́ńjìnnì méjì? Àwọn tó mọṣẹ́ á ní owó àti ìwúwo ló fi kún un, pé bí ọ̀kan bá kú, èkejì á máa ti bàálù yípo. Àríwísí gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí ẹ́ńjìnnì méjèèjì má jìnnà síra wọn jù lórí apá, kí abẹ̀bẹ̀ ọ̀kan máa yí sọ́tùn-ún, tèkejì sósì, kí agbára wọn má baà yí bàálù. Apá lásán kò ní ohun tó ń yí imú sọ́tùn-ún sósì bí ti bàálù onírù. Ẹ́ńjìnnì méjì lè ṣe é, bí ọ̀kan bá sáré ju èkejì lọ. Àǹfààní mìíràn tún wà tí a kì í sọ tó: bí ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo bá wà lẹ́yìn, ìka ẹni tó ń jù ú wà nínú ewu, àmọ́ bí méjì bá wà níwájú, lọ́tùn-ún àti lósì, àárín ṣí sílẹ̀ fún ọwọ́ àti kámẹ́rà. Bàálù ilé iṣẹ́ Zipline tó bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní Rwanda ní 2016, tó sì dé Gánà ní 2019, ní ìrù ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n fóòmù ni wọ́n fi bo ara rẹ̀, ẹ́ńjìnnì méjì ló sì ní.

Àwọn kan á tún ní kí a kúkú ra dróònù alábẹ̀bẹ̀ mẹ́rin. Ó dára fún àgbàlá ilé, nítorí pé ó lè dúró lójú kan. Ṣùgbọ́n oko kajú ilẹ̀ Borgou kì í ṣe àgbàlá. Apá ló ń gbé bàálù wa yìí, kì í ṣe bátìrì nìkan, nítorí náà ilẹ̀ tó máa yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan pọ̀ ju ti alábẹ̀bẹ̀ mẹ́rin lọ dáadáa. Èyí tí wọ́n kàn fún ilẹ̀ tútù kò sì bá ibí mu tán. Parakou ga ju ojú òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 350, ooru ọ̀sán oṣù kẹta sì máa ń kọjá ìwọ̀n 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí a bá ṣírò rẹ̀, afẹ́fẹ́ irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ fúyẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ju èyí tí àwọn onímọ̀ fi ń ṣe òṣùwọ̀n lọ. Bàálù náà gbọ́dọ̀ sáré sí i, tàbí kí apá rẹ̀ fẹ̀ sí i. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ gé fóòmù lè fẹ̀ ẹ́, ẹni tó rà á kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààbò ló wúwo jù. Ìkọlù àwọn agbébọn ní àríwá Bẹ̀nẹ̀ láti ìgbà díẹ̀ yìí ti jẹ́ kí ojú máa pọ́n sí ohunkóhun tó bá ń fò, mi ò sì dá ẹni tó ń bẹ̀rù lẹ́bi. Ìdáhùn ibẹ̀ ni pé kí iṣẹ́ náà hàn sí gbogbo ayé: kó ní ilé ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ tó dúró fún un, kí àjọ ANAC tó ń bójú tó òfuurufú mọ̀ nípa rẹ̀, kó má sì sún mọ́ pápá bàálù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Banikanni tó bá wù, ẹ má tíì ra ẹ́ńjìnnì. Ẹ kọ́kọ́ gé apá fóòmù lásán, ẹ fi owó wẹ́wẹ́ dípò bátìrì, kí ẹ sì máa jù ú lórí pápá títí yóò fi lè lọ tààrà láìsí ẹ̀rọ kankan nínú rẹ̀. Èyí tó bá kọ̀ tí kò lọ tààrà láìní ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì méjì kò ní tún un ṣe.