Ọ̀yà kì í ṣe adìẹ: Ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ sìn ín ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù mọ̀

Kò sí ọmọ Yorùbá tó dàgbà sí oko tí kò mọ ọ̀yà. Ní agbègbè Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí oko kòkó àti obì ti ń pààlà pẹ̀lú pápá koríko, ẹran tí àwọn ọdẹ fẹ́ràn gan-an ni. Ẹran rẹ̀ dùn, kò lọ́ràá púpọ̀, owó rẹ̀ lọ́jà sì máa ń ju ti ẹran màlúù lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ wọn kò gba igbó ọdẹ mọ́ fi ń béèrè bóyá wọ́n lè máa sin ọ̀yà lẹ́yìnkùlé. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ojú adìẹ wo ọ̀yà, òfò ni yóò fi ṣe èrè.

Ìdí pàtàkì wà tó fi yẹ kí àwọn àgbẹ̀ ronú sí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọdẹ kan a máa finá sí igbó kí ọ̀yà lè sá jáde. Iná kì í sì í mọ ààlà. Oko kòkó tí ènìyàn fi ọgbọ̀n ọdún tọ́jú lè jóná mọ́lẹ̀ láàárín ọ̀sán kan nítorí ọ̀yà méjì péré. Àwọn mìíràn ń fi májèlé pa ẹran, ẹni tó sì rà á lọ́jà kò ní mọ ohun tó ń jẹ. Nígbà tí àrùn Ebola wọ ìlú Èkó ní oṣù keje ọdún 2014, ẹ̀rù ẹran ìgbẹ́ ba ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí tí àjọ ìlera àgbáyé fi kéde ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún náà pé àrùn ọ̀hún ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tó sin ọ̀yà tirẹ̀ mọ ohun tó fi bọ́ ọ, kò sì ní dáná sun oko ẹnikẹ́ni.

Ọ̀yà ní mọ̀lẹ́bí lókè òkun

Ní orílẹ̀-èdè Chile ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ẹranko kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní degu. Bí èkúté ló rí, kì í sì í sábà wúwo ju 300 gíráàmù lọ. Síbẹ̀, inú ẹ̀yà kan náà ni àwọn onímọ̀ ka òun, ọ̀yà àti òòrẹ̀ sí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Amẹ́ríkà, wọn kì í jẹ degu. Inú ilé ni wọ́n ti ń sìn ín, bí a ṣe ń sin ológbò, ó sì lè gbé ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ lọ́dọ̀ ẹni tó bá mọ ìtọ́jú rẹ̀.

Ohun tí ojú àwọn tó ń sin degu ti rí wúlò fún ẹni tó fẹ́ sin ọ̀yà. Àwọn kan fi ìfẹ́ fún un ní èso dídùn àti ohun tó ní ṣúgà, àṣé àrùn ìtọ̀ ṣúgà ni wọ́n ń fún un, èyí tó ń fọ́ ọ lójú. Àwọn kan fi ìrù gbá a mú, awọ ìrù náà sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Àwọn mìíràn sin ẹyọ kan ṣoṣo, ara rẹ̀ kò sì yá, nítorí ẹran tó ń fẹ́ ẹgbẹ́ ni. Ìfẹ́ nìkan kò tó sin ẹran. Èèyàn gbọ́dọ̀ mọ ìṣẹ̀dá rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Benin tó múlé tì wá, ìjọba ibẹ̀ àti ti Jámánì pawọ́ pọ̀ ní àwọn ọdún 1980 láti wá ọ̀nà tí ọ̀yà yóò fi di ẹran ọ̀sìn. Àwọn tí ara wọn balẹ̀ ni wọ́n ń ṣà, tí wọ́n sì ń mú irú wọn. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí ènìyàn mú ọ̀yà inú pàkúté wálé pé òun fẹ́ sìn ín. Àfàìmọ̀ kí ìbẹ̀rù má pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí tí wọ́n bí sínú ilé ọ̀sìn ni kí ẹ rà.

Ilé tó yẹ ẹ́

Eyín ọ̀yà kì í yéé dàgbà, nítorí náà kì í yéé gé nǹkan jẹ. Ilé pákó lásán tàbí ògiri alámọ̀ kò lè dá a dúró. Bíríkì tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ àti wáyà irin tó nípọn ló dára. Kí ẹ máa ju egungun tàbí igi líle sí i kó lè máa fi pọ́n eyín rẹ̀.

Ilẹ̀ ilé náà gbọ́dọ̀ gbẹ, kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí i, ṣùgbọ́n kí òjò má wọlé. Ejò, ìjàlọ àti ajá kò gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà wọ ibẹ̀. Kí ẹ sì kọ́ ọ jìnnà sí ariwo. Ìró jẹnẹrétọ̀, ajá tó ń gbó àti ọmọdé tó ń kan ilẹ̀kùn lè mú kí ọ̀yà máa forí sọ ògiri, oyún sì lè bàjẹ́ lára abo. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e, ẹ darí rẹ̀ wọ inú àpótí. Ẹ má ṣe fa ìrù rẹ̀, nítorí kì í pẹ́ já, kì í sì í hù padà.

Koríko ni oúnjẹ rẹ̀

Eésún ni olórí oúnjẹ ọ̀yà, ó sì pọ̀ létí odò Ọ̀tìn àti ní àwọn ilẹ̀ àkùrọ̀ agbègbè náà. Igi àgbàdo tútù náà dára. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gé koríko tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀ kí ẹ gbé e síwájú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Inú rẹ̀ lè wú, ó sì lè máa yàgbẹ́ gbuuru. Ẹ sá a sóòrùn títí yóò fi rọ. Ẹ yẹra fún koríko ẹ̀bá oko tí wọ́n ti fín oògùn apakoríko sí.

Ẹ lè fi àgbàdo gbígbẹ, eérí àti èèpo ẹ̀gẹ́ tó ti gbẹ dáadáa lóòrùn kún un ní ìwọ̀nba. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé. Kí omi mímọ́ wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹ bá rí i tó ń jẹ nínú ìgbẹ́ ara rẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Ọ̀nà tó ń gbà rí àǹfààní tó ṣẹ́ kù nínú oúnjẹ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ bo àgbàdo àti eérí mọ́lẹ̀ dáadáa, nítorí oúnjẹ tó bá dà sílẹ̀ ń pe èkúté ilé, èkúté ló sì ń kó ibà Lassa ran ènìyàn.

Akọ, abo àti owó

Akọ kan sí abo mẹ́rin ni àwọn tó ń sìn ín sábà máa ń lò. Akọ méjì kò gbọ́dọ̀ wà láàárín abo, nítorí wọn yóò bu ara wọn jẹ. Láti mọ akọ yàtọ̀ sí abo, ẹ wo àlàfo tó wà láàárín ihò ìdí àti ojú ara. Ti akọ jìnnà ju ti abo lọ.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Ehoro ń lóyún fún oṣù kan péré, ṣùgbọ́n oyún ọ̀yà ń gbà tó ọjọ́ 152, ìyẹn oṣù márùn-ún. Ó sábà máa ń bí ọmọ bíi mẹ́rin, tí ojú wọn ti là, tí irun sì ti bo ara wọn. Lẹ́yìn náà, ọmọ ọ̀hún yóò tún lo bí oṣù mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó tóbi tó ohun tí wọ́n ń tà. Ẹ ṣírò rẹ̀: láti ọjọ́ tí akọ bá gun abo, ó lé ní ọdún kan kí owó àkọ́kọ́ tó wọlé. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ ó kówó láàárín oṣù mẹ́ta, ọ̀yà tirẹ̀ ló fẹ́ tà.

Nítorí náà, kí bàbá tàbí ìyá àgbàlagbà má ṣe kó gbogbo owó àjọ tàbí owó ìfẹ̀yìntì lé e lórí. Ẹ fi akọ kan àti abo méjì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìyẹn bá bí, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì yè, ẹ ti mọ iṣẹ́ náà nìyẹn, ẹ lè wá fẹ̀ ẹ́. Ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, yálà ti Ìfẹ́lódùn ní Ìkìrun tàbí ti Odò-Ọ̀tìn ní Òkukù, kí ẹ sì mọ dókítà ẹran tí ẹ ó sáré pè kí àìsàn tó dé.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè fi ọdún kan dúró, kí ó sin ehoro tàbí adìẹ. Ẹni tó bá lè dúró, tó ní koríko nítòsí, tí ilé rẹ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́, ọ̀yà yóò san án lẹ́san.