Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù: Bó Ṣe Jìnnà Tó àti Wákàtí Tí Bàlúù Ń Lò

Láti pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed n'Íkẹjà dé Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù, nǹkan bí 5,000 kìlómítà ni. Bàlúù tó ti gòkè tán a máa sá tó 850 sí 900 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Ẹni tó bá fi èyí ṣe ìṣirò yóò rò pé ìrìnàjò náà kò ní pé wákàtí mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ bí wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ló máa ń wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì. Bàlúù kì í ṣàdédé gbéra, yóò kọ́kọ́ rìn nílẹ̀ ná. Lókè, ojú ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún un ló ń tọ̀, kì í gé e tààrà. Bó bá sì dé òkè Lọ́ńdọ̀nù, ó lè máa yí po títí ààyè yóò fi yọ fún un láti balẹ̀.

Orí ilẹ̀ ló ń fò jù lójú ọ̀nà yìí. Aṣálẹ̀ Sàhárà nìkan lè gbà ju wákàtí méjì lọ, lẹ́yìn náà ni Òkun Mẹditaréníà àti ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí ìjọba ológun Niger ti òfuurufú wọn pa lóṣù Kẹjọ ọdún 2023, àwọn bàlúù Yúróòpù ní láti yí gba ibòmíràn, wákàtí wọn sì gùn sí i. Jíjìn ìlú méjèèjì kò yí padà, ọ̀nà ló yí padà.

Àwọn bàbá wa tó lọ kàwé nílùú òyìnbó ṣe sùúrù ju tiwa lọ. Ọkọ̀ ojú omi Aureol, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó sí Liverpool lọ́dún 1951, a máa lò tó ọjọ́ mẹ́tàlá lójú òkun nígbà náà.

Ní ti aago, Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà láti gúúsù sí àríwá, nítorí náà ara kì í dàrú bíi ti ẹni tó lọ sí New York, níbi tí aago ti fi wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà yàtọ̀ sí tiwa. Láti Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta títí di Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, aago kan náà ni Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù ń lò. Lásìkò òtútù, Lọ́ńdọ̀nù a fi wákàtí kan wà lẹ́yìn: bàlúù tó bá gbéra l'Ékòó láago mọ́kànlá òwúrọ̀ yóò balẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ tiwọn.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rìnrìn àjò, ẹ má fi wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ nìkan ṣètò. Ẹ fi wákàtí mẹ́ta kún un fún àyẹ̀wò ẹrù àti ìwé ìrìnnà, kí ẹ sì fi sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Ìkẹjà sí i. Kí ẹ tó sọ fún ẹni tí yóò wá pàdé yín, ẹ wò ó dáadáa bóyá Heathrow ni tíkẹ́ẹ̀tì yín ń lọ tàbí Gatwick, nítorí pápákọ̀ méjèèjì jìnnà síra wọn.