Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kakheti, níbi tí wọ́n ti ń ri wáìnì mọ́lẹ̀

Tí a bá ní wáìnì, Faransé àti Ítálì ló máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Ẹ jẹ́ ká yà sí Jọ́jíà. Kì í ṣe ti Amẹ́ríkà tí Atlanta wà o; orílẹ̀-èdè tó bá Rọ́ṣíà àti Tọ́kì pààlà ni mò ń wí. Àwọn awalẹ̀pìtàn rí àmì wáìnì níbẹ̀ lára àfọ́kù ìkòkò tó ti tó nǹkan bí 8,000 ọdún.

Ẹkùn Kakheti, ní ìlà oòrùn, ni iṣẹ́ wáìnì ṣíṣe ti gbilẹ̀ jù. Qvevri ni wọ́n ń pe ìkòkò amọ̀ ràgàjì tí wọ́n ń lò. Wọ́n á fi ìda oyin kun inú rẹ̀, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀ títí dé ọrùn, wọ́n á wá da omi àjàrà sí i tòun ti èèpo àti kóró. Ó lè wà níbẹ̀ fún oṣù márùn-ún sí mẹ́fà. Ìdí nìyẹn tí wáìnì àjàrà funfun wọn fi máa ń pọ́n bí oyin. Ní 2013, UNESCO ka ọ̀nà ṣíṣe wáìnì nínú qvevri mọ́ àjogúnbá àṣà aráyé tí kò ṣeé fọwọ́ kàn.

Láti Tbilisi, olú ìlú Jọ́jíà, nǹkan bí wákàtí méjì ni mọ́tò máa fi dé ìlú Sighnaghi ní Kakheti. Lójú tèmi, àsìkò ìkórè, Oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá, ló dùn ún lọ jù. Nídìí oúnjẹ, ẹ má kánjú gbé ife: tamada, ẹni tó ń darí ìwúre, ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Torí pé ẹ máa mu wáìnì, ẹ háyà awakọ̀ o.